Rárá Méjì: Ìdí Tí Àwọn Olùtọ́jú Fi Ń Dá Obìnrin Padà Nínú Ọ̀ràn Ìfètòsọ́mọbíbí

Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò kọ ebè lé ebè. Bí ó bá gbin igi kòkó sún mọ́ ara wọn jù, ọ̀kan yóò máa jẹ oúnjẹ èkejì, èso wọn kò sì ní dára. Bí kò bá sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, ìkórè rẹ̀ yóò máa dín kù lọ́dọọdún. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn baba àti àwọn ìyá wa lò nípa ọmọ bíbí. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin tí ó bá bímọ kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, èyí tí ó lè tó ọdún 2 tàbí 3. Ọ̀mọ̀wé J. C. Caldwell àti aya rẹ̀, Pat Caldwell, ṣe ìwádìí nípa àṣà yìí láàrin àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1977. Nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé àlejò ni ìmọ̀ fífi àyè sí ààrin ọmọ kan àti èkejì jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni ó yí padà.

Ní òde òní, àṣà kí ìyá ọmọ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ti ń kúrò nílẹ̀, ohun mìíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Hóró oògùn wà tí obìnrin ń lò lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ wà tí agbára rẹ̀ ń tó oṣù 3. Ọ̀pá kékeré wà tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 tàbí 5 gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ti rí. Ohun èlò kan wà tí a fi bàbà wé, tí a ń fi sí inú ilé ọmọ, tí ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10. Rọ́bà sì wà tí ọkùnrin ń lò. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ọ̀fẹ́ ni a ó máa fi ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí fún àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀ràn ti parí. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú obìnrin 100 tí ó wà nílé ọkọ, 12 péré ni ó ń lo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìgbàlódé. Àwọn 19 ni ó fẹ́ fi àyè sí ọmọ bíbí tàbí kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, síbẹ̀ tí wọn kò lo ohunkóhun. Ohun tí ó fa èyí pọ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn, ọkọ àwọn mìíràn kò fẹ́, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ti borí ẹ̀rù, tí wọ́n ti rìn dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, tí a sì dá wọn padà lọ́wọ́ òfo. Olùtọ́jú gan-an ni ó wí fún wọn pé, "Rárá." Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ sọ nínú ìwé wa yìí.

Kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2011, a bi àwọn olùtọ́jú léèrè ọ̀rọ̀ ní ìlú 6 ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì wà nínú wọn. Àbájáde ìwádìí náà tí a tẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn pé ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni ó ní òfin tirẹ̀ tí ó gbé kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan kì í dá ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tó iye kan lóhùn. Àwọn kan kì í fún ẹni tí kò tíì lọ́kọ, àwọn kan kì í fún ẹni tí kò tíì bímọ, àwọn kan sì ní àfi bí ọkọ bá fọwọ́ sí i. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ń ṣe é, agbẹ̀bí ń ṣe é, ẹni tí ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì náà sì ń ṣe é.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, rárá méjì ni ó wà ní ẹnu olùtọ́jú. Ọ̀kan ti inú ìmọ̀ ìṣègùn wá, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ ní láti dúpẹ́. Èkejì ti inú ọkàn ènìyàn wá, láti inú ẹ̀rù, láti inú àṣà, láti inú àárẹ̀, tàbí láti inú ẹ̀kọ́ tí ó ti gbó. Aṣọ funfun kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, nítorí náà ó ṣòro fún obìnrin láti mọ èwo ni èwo. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa kọ́ ni bí a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

RÁRÁ TÍ Ó TỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ fún rárá tí ó tọ́. Ní ọdún 1996, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìlànà kan jáde fún àwọn olùtọ́jú, wọ́n sì ti tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ìwé náà pín ìpò ara obìnrin sí ìpele 4 fún ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele 1, kò sí ewu, kí a fún un. Ní ìpele 2, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, kí a fún un. Ní ìpele 3, ewu rẹ̀ sábà máa ń ju àǹfààní rẹ̀ lọ, kí a wá òmíràn fún un bí ó bá ṣeé ṣe. Ní ìpele 4, ewu ńlá ni, kí a má ṣe fún un rárá.

Bí obìnrin bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ga, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fún un ní hóró oògùn alágbára méjì tí ó wọ́pọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35 tí ó sì ń fa sìgá púpọ̀, àti ìyá ọmọ tuntun tí ń fún ọmọ lọ́mú tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6 tí ó bímọ. Ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà. A kì í fi ohun èlò oníbàbà sí inú ilé ọmọ ẹni tí ó lóyún, tàbí ẹni tí àrùn ń ṣe ní ilé ọmọ lọ́wọ́, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa àwọn rárá wọ̀nyí. Olúkúlùkù wọn dá lórí ohun kan nínú ara obìnrin náà, ọ̀nà kan pàtó ni ó sì ń kọ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí hóró oògùn kò bá yẹ fún lè rí ohun mìíràn lò. Nítorí náà, olùtọ́jú rere kì í wí rárá kí ó sì dákẹ́. Ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Èyí kò yẹ ọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, ṣùgbọ́n wo èyí." Bí a bá ti lé obìnrin lọ ní ọwọ́ òfo láì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láì bi í nípa àìsàn kankan, ó yẹ kí a fura pé rárá kejì ni ó gbọ́.

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn mẹ́ta, Shelton, Angle àti Jacobstein, kọ̀wé nípa rárá kejì yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìdènà tí a ń pè ní ìṣọ́ra ìṣègùn ni kò ní ẹ̀rí tí ó tó nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àwọn ìdí rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì ṣe òdodo sí olùtọ́jú bí a ti ń ṣe òdodo sí obìnrin.

ÌDÍ KÌÍNÍ: Ẹ̀RÙ ÀGÀN

Nínú gbogbo ìdí, èyí ni ó sún mọ́ àánú jù lọ. Olùtọ́jú mọ ohun tí ojú àgàn ń rí ní ilẹ̀ wa. Bí ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ bá dé iwájú rẹ̀, ó ń wò ó pé, "Bí mo bá gún un ní abẹ́rẹ́ yìí, tí ọdún 3 bá kọjá tí kò rí ọmọ, èmi ni wọn yóò bú." Ni yóò bá wí fún un pé kí ó lọ bí ọmọ kan ná.

Ẹ̀rù yìí ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà kò jìn. Òtítọ́ ni pé abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta máa ń pẹ́ kí ó tó kúrò lára. Ní ìwọ̀n àwọn tí ó pọ̀ jù, ẹni tí ó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró ń lóyún ní nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tí ó fi nǹkan bí oṣù 4 pẹ́ ju ti àwọn tí ń lo ọ̀nà mìíràn. Ìdádúró ni èyí, kì í ṣe àgàn. Àwọn ọ̀nà yòókù tí a dárúkọ, bí a bá ti yọ wọ́n tàbí tí a dáwọ́ wọn dúró, obìnrin lè lóyún láìpẹ́. Bí olùtọ́jú bá sọ èyí fún ọmọbìnrin náà ní gbangba, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ èyí tí ó yẹ òun.

Gbòǹgbò kejì wá láti Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń ta ohun èlò inú ilé ọmọ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dalkon Shield. Okùn ìdí rẹ̀ ń gbé kòkòrò àrùn wọ inú ilé ọmọ, ó ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin ní jàǹbá, a sì dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú lẹ́yìn ìgbà náà ni a kọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ sí ara ẹni tí kò tíì bímọ. Àwọn pẹ̀lú sì kọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ohun èlò oníbàbà ti òde òní kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìpele 2 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí fún ẹni tí kò tíì bímọ, èyíinì ni pé kí a fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ a máa pẹ́ nínú ènìyàn ju ìdí tí a fi kọ́ ọ lọ.

ÌDÍ KEJÌ: Ẹ̀RÙ ỌKỌ

"Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ mọ̀ pé o wá síbí?" Ìbéèrè yìí kò burú lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó dára kí tọkọtaya fi ohùn ṣọ̀kan, ilé tí wọ́n ti ń jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí ni àlàáfíà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè bá di òfin, tí a ní kí obìnrin lọ mú ọkọ rẹ̀ wá tàbí kí ó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan ti yí padà.

Kí ni ń ba olùtọ́jú lẹ́rù? Inú ìlú kan náà ni òun àti ọkọ obìnrin yìí ń gbé. Abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá abẹ́ awọ lè yí nǹkan oṣù padà, ọkọ sì lè ṣàkíyèsí rẹ̀. Bí ó bá bínú wá sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ni yóò dojú kọ, kì í ṣe ìjọba. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ lè má gbè é lẹ́yìn. Nítorí náà ó ń wá ìyọ̀ǹda ọkọ bí apata fún ara rẹ̀.

Òye rẹ̀ yé wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí apata yìí ń ná obìnrin. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tí ó wí pé obìnrin tí ó ti dàgbà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ọkọ kí ó tó lo abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn. Ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú kò béèrè rẹ̀. Ọkọ ẹlòmíràn wà ní òkè òkun. Ọkọ ẹlòmíràn a máa na ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn mọ̀ dájú pé ọkọ òun yóò wí rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìbímọ tí ó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí òun. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí a bá ní kí ó lọ mú ọkọ wá, ó ṣòro kí ó tún padà. Ẹni tí yóò lóyún, tí yóò rọbí, tí yóò sì kú bí ikú bá dé, obìnrin náà ni. Ó tọ́ kí ohùn rẹ̀ wúwo jù nínú ọ̀ràn náà.

ÌDÍ KẸTA: Ẹ̀RÙ Ẹ̀ṢẸ̀

Nígbà tí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ bá wọlé, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kì í rí aláìsàn níwájú rẹ̀ mọ́. Ọmọ ìjọ tí ó ṣìnà ni ó ń rí, tàbí ọmọ tirẹ̀. Ó ń rò pé bí òun bá fún un, òun ti fọwọ́ sí ohun tí ó ń ṣe. Nítorí náà ó ń bá a wí, nígbà mìíràn ní etí ìgbọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń lé e lọ.

Àwa pẹ̀lú fẹ́ kí àwọn ọmọ wa pa ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè ohun tí ìlélọ náà ń mú wá. Ọmọbìnrin tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ti ń bá ọkùnrin lò, tàbí ó ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbáwí lè mú kí ojú tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í dí oyún lọ́nà. Bí oyún bá dé, òfin Nàìjíríà kò gba ìṣẹ́yún láàyè àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí kọ̀rọ̀, sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan kò sì padà wálé mọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní kedere pé ọjọ́ orí nìkan kò tó ìdí ìṣègùn láti fi kọ ọ̀nà kankan fún ọ̀dọ́.

Ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn olùtọ́jú fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú. Àwọn ìjọ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1930, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà péjọ sí Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbà pé tọkọtaya tí ó bá ní ìdí rere lè lo ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ìkóra-ẹni-níjàánu, 193 nínú wọn fara mọ́ ọn, 67 sì kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni Póòpù Pius Kọkànlá kọ̀wé láti dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ní ọdún 1968, Póòpù Paul Kẹfà tún fi ìdí ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà múlẹ̀, ó sì gba kíka àwọn ọjọ́ tí obìnrin kò lè lóyún láàyè. A kò wá síhìn-ín láti dá ẹjọ́ àwọn ìjọ. Ohun tí a ń wí ni pé, bí ẹ̀rí-ọkàn olùtọ́jú kò bá gbà fún un, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba: "Ìgbàgbọ́ mi kò jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ bá ẹni báyìí, yóò dá ọ lóhùn." Òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Oògùn yìí yóò ba ilé ọmọ rẹ jẹ́," nígbà tí ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó ti fi aṣọ ìṣègùn bo ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, irọ́ sì ni.

ÌDÍ KẸRIN: ÒFIN TÍ Ó TI GBÓ

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni a ń wí fún pé, "Padà wá nígbà tí o bá rí nǹkan oṣù rẹ." Ìdí rẹ̀ ni pé olùtọ́jú fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú pé obìnrin náà kò lóyún. Ìṣọ́ra ni, ṣùgbọ́n àṣejù baba àṣetẹ́ ni. Ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú lè má rí nǹkan oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin inú rẹ̀ lè gbó kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó dé, nítorí náà ó lè lóyún láì rí i rárá. Nígbà tí ó bá padà wá, oyún ni yóò gbé wá.

Ní ilẹ̀ Kenya, John Stanback àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1990 pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni a ń dá padà nítorí èyí. Ní ọdún 1999 wọ́n kọ̀wé nínú The Lancet nípa ìbéèrè 6 tí olùtọ́jú lè fi mọ̀, láì lo ẹ̀rọ kankan, pé obìnrin kò lóyún. A kọ wọ́n síhìn-ín kí àwọn òǹkàwé wa lè fi wọ́n pamọ́:

1. Ǹjẹ́ ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 6, tí ó ń fún un ní ọmú nìkan tàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmú nìkan, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì tíì padà?
2. Ǹjẹ́ kò tíì bá ọkùnrin sùn láti ìgbà nǹkan oṣù rẹ̀ tí ó kẹ́yìn tàbí láti ìgbà tí ó bímọ?
3. Ǹjẹ́ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ tí ó bímọ?
4. Ǹjẹ́ nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ 7 sí àkókò yìí?
5. Ǹjẹ́ oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ láàrin ọjọ́ 7 sí àkókò yìí?
6. Ǹjẹ́ ó ti ń lo ọ̀nà mìíràn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bí ó ti tọ́ àti láì fo ìgbà kankan?

Bí ó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré nínú wọn, tí kò sì sí àmì oyún lára rẹ̀, ọkàn olùtọ́jú lè balẹ̀. Kò sí ìdí láti dá a padà. Ẹ kíyè sí ìbéèrè kìíní pàápàá. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ péjọ sí Bellagio ní Ítálì, wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìyá tí ó bá wà nínú ipò yẹn ní ààbò tí ó lé ní 98 nínú 100. Ọgbọ́n ọmú àwọn ìyá wa kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n kò kọjá oṣù 6.

ÌDÍ KARÙN-ÚN: ÀÁRẸ̀, ÀÌMỌ̀ Ọ́N ṢE ÀTI OWÓ

Rárá mìíràn kò ní ẹ̀rù tàbí ìgbàgbọ́ nínú. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, àwọn aláboyún ń dúró, àwọn ọmọ ọwọ́ ń ké fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fífi ọ̀pá sí abẹ́ awọ gba àkókò, ó sì gba kíkọ́. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà yóò ní, "Kò sí lónìí," tàbí, "Kò dára fún ọ." Ní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tí ó gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a bá kọ́ láàyè láti ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìlànà nìkan kì í kọ́ni. Nígbà mìíràn, ohun èlò gan-an ti tán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun èlò jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n a ní kí obìnrin san owó ìbọ̀wọ́, owó òwú àti owó káàdì. Ẹni tí kò bá ní in yóò padà sílé. Òun pẹ̀lú ti gbọ́ rárá, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ya ẹnu.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀ràn kékeré ni a sọ di ńlá, pé obìnrin tí a dá padà lónìí yóò padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọdún 2018 tí a ti dárúkọ fi hàn pé nínú ìbímọ 100,000 ní Nàìjíríà, ìyá 512 ni ó ń kú. Oyún tí ó tètè lé ara wọn ń mú ewu bá ìyá àti ọmọ, ìdí sì nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba ìyá nímọ̀ràn pé kí ó dúró fún oṣù 24 ó kéré tán lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún. Àwọn àgbà wí pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Òṣì nìkan kọ́ ni ó ń bá a wá, posí ń bá a wá pẹ̀lú. Olùtọ́jú tí ó dá obìnrin padà kì í sì í sábà wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ohun tí ó tẹ̀lé e bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, rárá kejì rọrùn lẹ́nu. Ẹni tí ó wí i kì í rí èso rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé yín padà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí ni ó wà nínú ara mi tí kò fi yẹ mí? Èwo ni ó wá yẹ mí?" Bí ìdí ìṣègùn bá wà, olùtọ́jú yóò lè sọ ọ́. Bí kò bá sí, ìbéèrè náà yóò mú kí ó tún un rò, tàbí kí ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ sì sọ òtítọ́ nípa àìsàn tí ó ti ṣe yín rí, nítorí ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ ń sọ rárá tí ó tọ́ nù.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá aya yín sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé kí ó tó di pé olùtọ́jú béèrè rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ bá òun lọ, ẹ bá a lọ. Ẹ má ṣe lọ sí ilé ìwòsàn láti lọ halẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí ìhàlẹ̀ ọkùnrin kan ni ó ń di òfin tí a fi ń lé obìnrin 100 padà.

Ẹ̀yin olùtọ́jú, iṣẹ́ yín wúwo, ọpẹ́ tí ẹ ń gbà kò sì tó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ wá ìwé ìlànà tuntun, kí ẹ fi í wé èyí tí wọ́n kọ́ yín. Nígbà tí rárá bá fẹ́ jáde lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè inú ìpele wo nínú mẹ́rin ni ó wà. Bí kò bá sí nínú 3 tàbí 4, kì í ṣe ti ìṣègùn.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ìlú, bí nọ́ọ̀sì yín bá ń bẹ̀rù, kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìlú yóò dúró ti òun bí ọkọ kan bá bínú yóò lè ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìbọ̀wọ́ àti òwú, kí ohun tí a kéde ní ọ̀fẹ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́ ní tòótọ́. Ní ìpàdé yín tí ó ń bọ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì náà wá, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.